Tírànsífọ́mà Ńlá Kì Í Bí Iná

Bí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú kan ní ilẹ̀ Okun, ní ìpínlẹ̀ Kogí, bá jókòó lórí ọ̀rọ̀ iná, ohun tí mo sábà máa ń gbọ́ ni pé kí a dáwó ra tírànsífọ́mà tó tóbi, ìyà iná sì ti dópin nìyẹn. Àwọn olóṣèlú náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹ̀bùn tí ojú ará ìlú ń rí tó ẹ̀rọ aláwọ̀ eérú tí ọkọ̀ akẹ́rù gbé wọ ìlú. Iṣẹ́ mi ni láti máa wéwèé bí ìsokọ́ra wáyà iná yóò ṣe rí ní ogún ọdún sí i, ìdí sì nìyí tí n kò fi lè bá wọn pàtẹ́wọ́.

Tírànsífọ́mà kì í pèsè iná. Fóltì 33,000 tàbí 11,000 tó bá lórí wáyà ni ó ń sọ di 415, kí ó tó pín in dé ojúlé. Ẹni tó gbé garawa ńlá sábẹ́ ẹ̀rọ omi tó ń kán tó-tó-tó kò mú kí omi náà yára. Irin inú tírànsífọ́mà pàápàá ń jẹ iná díẹ̀díẹ̀ tọ̀sán tòru, ì báà jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ń lò ó, èyí tó tóbi sì ń jẹ ju kékeré lọ. Lóòótọ́, bí èyí tó wà nílẹ̀ bá ń gbóná jù, tí fíúsì rẹ̀ sì ń jó lálaalẹ́ nítorí ọ̀pọ̀ ilé tó so mọ́ ọn, ó yẹ kí a pààrọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan ni àrùn tó ń wò.

Àrùn tiwa sábà máa ń wà lórí wáyà tó gbé iná dé. Láti Kàbà títí dé Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀, àárín oko àti òkè ni wáyà fóltì 33,000 ń gbà, ìlú tó sì ń fà lára wáyà kan lè pọ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan. Bí wáyà alumíníọ̀mù tó nípọn níwọ̀n 100 mm² bá gùn tó kìlómítà 60, tí ẹrù (ìyẹn àpapọ̀ iná tí àwọn ènìyàn ń fà) mẹ́gáwáàtì 5 sì wà ní ìparí rẹ̀, bí ìdá mẹ́jọ kan fólítéèjì náà, ìyẹn agbára tó ń ti iná lọ, á ti ṣòfò kí ó tó débẹ̀. Áyọ̀nù tó wà lọ́hùn-ún á pàdánù bí ìdá mẹ́rin kan ooru rẹ̀, mọ́tò fìríìjì á sì máa fa iná ju bó ti yẹ títí tí kọ́ìlì rẹ̀ á fi jó. Bí iná tí a ń fà lórí wáyà kan náà bá di ìlọ́po méjì, ooru tó ń ṣòfò lórí rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́rin. Nítorí náà, bí ẹ̀rọ ńlá tí ìlú kan rà bá mú kí wọ́n máa fa iná sí i, ìlú tó sún mọ́ ìparí wáyà náà jù wọ́n lọ ni iná rẹ̀ á kọ́kọ́ pọ́n bí ẹyin ojú ọ̀mùtí.

Bàbá kan bi mí nípàdé pé, "Ọmọ mi, kí ni kí a wá ṣe?" Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ka ohun tí ìlú ń lò láàárín agogo méje sí mẹ́wàá alẹ́." Àwa tó ń ṣètò iná máa ń ka ẹ̀rọ gàrí, àwọn alájópọ̀ irin, ẹ̀rọ omi àti ilé tuntun tó ń dìde, a ó sì wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí ìjì bá wó òpó kan. Nígbà náà ni a ó mọ̀ bóyá wáyà tó nípọn ni a nílò, tàbí ilé ìpíná tuntun tí wáyà fóltì 132,000 bọ́ sí nítòsí. Bí ẹrù kan náà bá gba orí wáyà 132,000 tó nípọn bákan náà, iná tó ń ṣàn á di ìdá mẹ́rin kan, òfò á sì di ìdá mẹ́rìndínlógún kan. Fún abúlé tó jìnnà jù, owó pánẹ́ẹ̀lì oòrùn pẹ̀lú bátìrì tiwọn lè kéré ju ti wáyà lọ. Láti ìgbà tí Òfin Iná Mọ̀nàmọ́ná ti ọdún 2023 ti fún ìpínlẹ̀ láyè láti ṣàkóso ọjà iná tirẹ̀, irú ìwéwèé yìí kò ní láti dúró de Àbújá.

Kí ẹ tó dáwó, ẹ ní kí onímọ̀ iná kan wọn fólítéèjì tó ń dé orí òpó 33,000 yín ní agogo mẹ́jọ alẹ́, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan.