Iṣẹ́ obìnrin nínú ẹgbẹ́ Boko Haram

Iṣẹ́ obìnrin nínú Boko Haram, ẹgbẹ́ tí Mohammed Yusuf dá sílẹ̀ ní Maiduguri ní nǹkan bí ọdún 2002, kò mọ sídìí ààrò. Obìnrin ló ń pọnmi, tó ń ṣẹ́gi, tó ń fọṣọ, tó sì ń tọ́jú ẹni tí ọta bà. Àwọn kan ń fi hìjáàbù bo ọta ìbọn kọjá lójú ṣọ́jà. Àwọn mìíràn ń ṣe amí, tàbí kí wọ́n máa kọ́ obìnrin ẹgbẹ́ wọn ní kéú. Kò ṣàjèjì sí Yorùbá pé kí obìnrin ró ogun lágbára: Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn tó kú ní 1874, ta ìbọn àti ẹ̀tù láwìn fún àwọn ológun. Àmọ́ ọjà tirẹ̀ ló ń tà.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà dé igbó Sambisa, ibùba ẹgbẹ́ náà ní Borno, kò pa pọ̀. Ìwàásù Yusuf ló fa àwọn kan. Àwọn kan tẹ̀ lé ọkọ. Owó ìyàwó, tí Hausa ń pè ní sadaki, tún fa àwọn mìíràn, nítorí ìyàwó fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń kó o lé lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ sì wà tí wọ́n jí gbé.

Ní 14 oṣù Kẹrin 2014, wọ́n kó ọmọbìnrin 276 ní ilé ẹ̀kọ́ Chibok. Kò pẹ́ tí àwọn ará Àbújá, Yorùbá inú wọn pẹ̀lú, fi ń péjọ sí Unity Fountain, wọ́n ń ké pé kí wọ́n dá àwọn ọmọ náà padà. Nínú igbó, ẹni tó kọ̀ láti fẹ́ jagunjagun di ẹni tó ń pọnmi, tó ń fọṣọ fún ẹni tó gbà. Nígbà tí wọ́n tú 82 sílẹ̀ ní oṣù Karùn-ún 2017, agbẹnusọ ààrẹ, Garba Shehu, sọ pé ẹnì kan ní òun ò lọ mọ́, ọkọ òun tẹ́ òun lọ́rùn. Ọdún 3 ló ti lò nígbà tí wọ́n bi í. Ó ṣòro láti ka ìdáhùn bẹ́ẹ̀ sí yíyàn.

Ti bọ́ǹbù tí wọ́n ń dì mọ́ obìnrin lára ló burú jù. Ó bẹ̀rẹ̀ ní Gombe ní 8 oṣù Kẹfà 2014, nígbà tí obìnrin kan gbé e lọ sí bárékè ṣọ́jà. UNICEF, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé, ní ọmọdé 83 ni wọ́n lò bẹ́ẹ̀ láàrin oṣù Kìíní sí oṣù Kẹjọ 2017, 55 nínú wọn sì jẹ́ ọmọbìnrin.

Àwọn tó padà sílé ń gbọ́ kí wọ́n máa pè wọ́n ní “annoba”, èyí tó túmọ̀ sí àjàkálẹ̀ àrùn ní èdè Hausa. Ebi tún wà ní àgọ́ àwọn tí ogun lé kúrò nílé. Àwọn kan tún padà sínú igbó: ìyàwó ọ̀gá jagunjagun a máa ní ẹni tó ń bá a ṣiṣẹ́ níbẹ̀, òun sì ni wọ́n ń pọnmi fún.