Ìṣètò Vim fún irú fáìlì kan pàtó

Ìṣètò fún irú fáìlì kan pàtó ni òfin tí text editor (ètò tí a fi ń kọ ọ̀rọ̀ tàbí kóòdù) máa ń tẹ̀ lé nígbà tí irú fáìlì bẹ́ẹ̀ bá wà ní ṣíṣí, tí kò sì ní í tẹ̀ lé fún òmíràn. Nínú Vim, text editor kan tí Bram Moolenaar, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, gbé jáde ní 1991, ftplugin ni wọ́n ń pe ọ̀nà yìí. Ẹ̀yà 6.0, tó jáde ní 2001, ló mú un wọlé.

Àlàfo iwájú ìlà ló sábà máa ń sọ ọ́ di dandan. Make, ètò tó ń kọ́ software láti inú kóòdù rẹ̀, tí Stuart Feldman kọ ní Bell Labs ní 1976, kì í gba ìlà àṣẹ nínú Makefile (fáìlì tí a kọ iṣẹ́ rẹ̀ sí) àfi tí Tab bá ṣíwájú rẹ̀. Bí ènìyàn bá fi àlàfo mẹ́jọ dípò Tab, ojú kò lè mọ ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n GNU make yóò dá iṣẹ́ dúró, yóò sì kọ “missing separator” síta. Ti Python, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, yàtọ̀: àlàfo mẹ́rin ni PEP 8, ìlànà ìkọ̀wé Python, fọwọ́ sí, Python 3 kì í sì í gbà kí Tab àti àlàfo dàpọ̀ rúdurùdu. Ẹni tó bá wá kọ `set expandtab`, tó ń sọ Tab di àlàfo, sínú vimrc (fáìlì ìṣètò Vim tirẹ̀) nítorí Python ti kó Makefile rẹ̀ sínú ewu. Fáìlì make.vim tó bá Vim wá ló ń gbà á sílẹ̀, nítorí ó ń dá Tab padà sípò, ṣùgbọ́n kò lè ṣiṣẹ́ láìsí ìlà yìí:

`filetype plugin indent on`

Ibí yìí ló ti ń rú ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú. Láti ẹ̀yà 8.0, ẹni tí kò ní vimrc kankan ń rí ìlà náà gbà láti inú defaults.vim, fáìlì ìṣètò tó bá Vim wá. Lọ́jọ́ tó bá dá vimrc tirẹ̀ sílẹ̀, Vim kò ní ka defaults.vim mọ́, ohun tó ń ṣiṣẹ́ lánàá á sì dákẹ́. Ní ti Neovim, ẹ̀ka tó yà láti ara Vim, ìṣètò náà ti wà ní títàn látilẹ̀.

Vim ní láti kọ́kọ́ dá fáìlì mọ̀. Orúkọ rẹ̀ àti ìparí orúkọ náà ló ń wò. Bí ìyẹn kò bá tó, á yẹ ohun tó wà nínú rẹ̀ wò, pàápàá ìlà àkọ́kọ́ bíi `#!/bin/bash`. Àṣẹ `:set filetype?` ń fi irú tó kà á sí hàn. Òun ló yẹ kí ènìyàn kọ́kọ́ tẹ̀ nígbà tí ìṣètò bá kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́.

Ẹni tó fẹ́ àlàfo méjì fún Python yóò dá fáìlì `~/.vim/after/ftplugin/python.vim` sílẹ̀, yóò sì kọ èyí sínú rẹ̀:

`setlocal shiftwidth=2 softtabstop=2`

Ọ̀rọ̀ méjì ló ṣe pàtàkì níbẹ̀. Fódà `after` ni Vim ń kà kẹ́yìn. Bí a bá fi fáìlì náà sínú `~/.vim/ftplugin` lásán, èyí tó bá Vim wá yóò dé lẹ́yìn rẹ̀, yóò sì pa á rẹ́. `setlocal` ní tirẹ̀ ń há òfin náà mọ́ fáìlì tó wà ní ṣíṣí. Bí ó bá jẹ́ `set` ni, àlàfo méjì yẹn yóò bá onítọ̀hún dé inú fáìlì mìíràn tó bá ṣí lẹ́yìn ìyẹn, kò sì ní mọ ibi tó ti wá.

A tún lè kọ `autocmd FileType`, àṣẹ tí Vim máa ń ṣe fúnra rẹ̀ nígbà tó bá dá irú fáìlì mọ̀, sínú vimrc. Ó tó fún ìlà kan tàbí méjì. Modeline, ìlà ìṣètò tí a ń kọ sí ìbẹ̀rẹ̀ tàbí ìparí fáìlì fúnra rẹ̀, gba ìṣọ́ra: ní 2019, wọ́n rí àléébù kan tó jẹ́ kí fáìlì tí ènìyàn kàn ṣí lè pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ẹ̀yà 8.1.1365 ló dí ihò náà.

Emacs, text editor mìíràn, ń fi hook, àṣẹ tó máa ń ṣiṣẹ́ nígbà tí mode kan (ìṣètò fún irú fáìlì kan) bá bẹ̀rẹ̀, ṣe irú iṣẹ́ yìí, VS Code sì ń lo abala `"[python]"` nínú settings.json. Fún àwọn tó jọ ń ṣiṣẹ́ pọ̀ lórí text editor ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, fáìlì `.editorconfig` ló dára jù, nítorí inú fódà iṣẹ́ náà ló ń gbé, kì í ṣe orí kọ̀ǹpútà ẹnì kan. Abala `[Makefile]` tó ní `indent_style = tab` lábẹ́ rẹ̀ ti tó láti dáàbò bo Tab lọ́wọ́ gbogbo wọn, bí editor wọn bá ṣáà ń ka EditorConfig.