Kí ni cross section neutron gan-an?

Tí neutron (èérún kékeré kan tó máa ń wà nínú átọ́ọ̀mù) bá kọ lu nucleus, ìyẹn àárín gbùngbùn átọ́ọ̀mù, kì í ṣe nǹkan kan ṣoṣo ló lè ṣẹlẹ̀. Ó lè ta padà bíi bọ́ọ̀lù tó gbá ògiri, nucleus lè gbé e mì, àbí kí nucleus ọ̀hún là sí méjì. Kò sẹ́ni tó lè sọ èyí tí neutron kan báyìí máa ṣe, àmọ́ tí wọ́n bá ti pọ̀ rẹpẹtẹ, a lè mọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ṣeé ṣe sí, nọ́ńbà tó ń sọ ìyẹn fún wa ni cross section. Barn ni wọ́n fi ń kà á, barn kan jẹ́ 10⁻²⁴ cm².

Torí pé cm² ló wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé bí nucleus ṣe tóbi tó ni. Rárá o. Ẹ wo xenon-135, gáàsì kan tó ń jáde nígbà tí uranium bá ń là, nucleus ẹ̀ ò tó ti uranium, síbẹ̀ cross section ẹ̀ láti gbé neutron tó ń rọra lọ mì lé ní 2 mílíọ̀nù barn! Òun ló pa ríákítọ̀ (ẹ̀rọ tí neutron ti ń la uranium léraléra) Hanford ní Amẹ́ríkà kú ní oṣù kẹsàn-án 1944, ríákítọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra: xenon ń gbé neutron tó yẹ kó máa la uranium mì, agbára ẹ̀ kàn ń lọ sílẹ̀ ṣáá, ohun tó ń ṣe é ò sì kọ́kọ́ yé àwọn tó ń darí ẹ̀.

Eré tí neutron ń sá náà tún ń yí nọ́ńbà yìí padà. Fún uranium-235, irú uranium tó máa ń tètè là, neutron tó ń lọ ní mítà 2,200 ní sẹ́kọ́ńdù kan (èyí ni wọ́n ń pè ní rọra o), cross section láti là á tó 585 barn. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já jáde látinú uranium tó là, tó ń sá nǹkan bíi 20 mílíọ̀nù mítà ní sẹ́kọ́ńdù kan, barn kan àti díẹ̀ péré ni. Ìdí nìyẹn tí omi tàbí graphite (irú èyí tó wà nínú pẹ́ńsù) fi ń wà nínú ọ̀pọ̀ ríákítọ̀, kó lè dín eré yẹn kù. Kì í sì í gòkè geere bí eré ṣe ń dín kù: uranium-238, irú uranium míì, máa ń gbé neutron tó ní agbára 6.67 eV (eV ni wọ́n fi ń wọn agbára èérún kéékèèké) mì débi pé nọ́ńbà ẹ̀ wọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún barn, ẹ sún díẹ̀ kúrò níbẹ̀, ó ti já wálẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n? Ní n_TOF, ibi tí wọ́n ti ń wọn cross section ní CERN, ilé ìwádìí ńlá kan nítòsí Geneva, wọ́n á ta proton (èérún míì tó máa ń wà nínú nucleus) lu òjé, neutron tó yára àti èyí tó ń rọra lọ á tú jáde pọ̀, wọ́n á gba inú páìpù tó gùn tó 185 mítà, èyí tó yára á kọ́kọ́ dé, torí náà àsìkò tí kálukú dé ló ń sọ eré ẹ̀. Uranium fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló ń dúró dè wọ́n, ẹ̀rọ á sì máa ka gbogbo ìgbà tó bá là. Ẹ pín iye tó là pẹ̀lú iye neutron tó wọlé àti iye átọ́ọ̀mù tó wà lójú ọ̀nà nínú cm² kan, cross section ti jáde nìyẹn.

Iye neutron tó wọlé yẹn gan-an ni wàhálà, torí neutron ò gbé iná mànàmáná kankan dání, ẹ̀rọ ò lè rí i tààrà. Wọ́n á wá fi nǹkan tí wọ́n ti mọ cross section ẹ̀ dáadáa síwájú àwọn neutron náà, bíi uranium-235, kí wọ́n fi wé e. Torí ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nọ́ńbà inú àtẹ cross section fi dúró lórí nọ́ńbà míì, tí wọ́n bá tún ti uranium-235 ṣe pẹ́nrẹ́n, àwọn tí wọ́n fi í wọ̀n náà á yẹ̀ tẹ̀lé e.