Owó tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ iwájú onílù, ta ló ni ín?

Bí òbí bá gbọ́ pé ọmọ òun fẹ́ máa ta gìtá tàbí kó máa lu gángan lẹ́yìn iṣẹ́ oòjọ́ rẹ̀, ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ méjì ló sábà máa ń tẹnu rẹ̀ jáde. Àwọn kan á ní alágbe lọmọ fẹ́ dà. Àwọn mìíràn á ní owó ti dé nìyẹn, torí wọ́n ti rí i lórí fóònù bí dọ́là ṣe ń já bọ́ lé onílù kan lórí níbi ìgbéyàwó ní Lekki. Ọ̀rọ̀ méjèèjì ò jọra, àmọ́ orí ìgbàgbọ́ kan náà ni wọ́n dúró lé: pé owó tí wọ́n ń ná lójú agbo ni owó ẹni tó ń lo ohun èlò orin. Ẹni tí wọ́n bá ná an fún ti là nìyẹn, ẹni tí wọn ò bá ná an fún, agbe ló ń ṣe.

Ìgbàgbọ́ yìí kò tọ̀nà, ó sì ń pa àwọn èèyàn lára. Ó ń mú kí ọ̀dọ́ yá owó ra saxophone olówó gọbọi, kó máa sáré tọ òde àríyá kiri. Ó sì ń mú kí ẹni tó lè fi ìrọ̀rùn rí àfikún owó lóṣooṣù ládùúgbò rẹ̀ jókòó sílé, kó gbà pé iṣẹ́ gbajúmọ̀ nìkan ni.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ojú agbo náà. Bí ẹgbẹ́ olórin bá lọ síbi ìnáwó, ẹnì kan máa ń wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa ṣa owó lọ. Inú àpò tàbí páálí ló ń ṣà á sí, bí eré bá sì parí, ọ̀dọ̀ ọ̀gá ló ń gbé e lọ. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nínú jùjú àti fújì látọjọ́ pípẹ́ nìyẹn. Ọ̀gá ló gba iṣẹ́, òun ló gba àsansílẹ̀, òun ló ni ẹ̀rọ gbohùngbohùn àti ọkọ̀ tó kó wọn wá, òun náà ló sì ni owó tí wọ́n ná. Ohun tí onígìtá àti onígángan bá a dúnàádúrà lé lórí ni wọ́n máa gbà. Ọ̀gá tó lawọ́ lè bù kún un, èyí tí kò lawọ́ á ní epo jẹnẹrétọ̀ ló gbé e lọ. Kódà, nínú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́, owó tí wọ́n lẹ̀ mọ́ iwájú onílù fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ àpò onílù. Ẹni tó bá yọ́ ọ sápò lè pàdánù iṣẹ́ rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí níbi ètò ìdána. Alága ìdúró àti alága ìjókòó ni ìdílé méjèèjì ń kówó fún bí ètò ṣe ń lọ, onílù sì dúró sẹ́yìn wọn, ó ń fi gángan gbe ọ̀rọ̀ wọn lẹ́sẹ̀. Alága ló ń san owó rẹ̀. Ohun tí àwọn tó jókòó sábẹ́ tẹ́ǹtì kì í rí ni pé onílù tó bá di ọmọ ọwọ́ alága kan tó níṣẹ́ lọ́wọ́, Sátidé rẹ̀ ti kún fún ọ̀pọ̀ oṣù. Mi ò rò pé owó kankan tí wọ́n lè ná fún un lọ́jọ́ kan ṣoṣo tó èyí.

Òfin gan-an kò fara mọ́ owó níná lójú agbo. Abala 21 nínú òfin báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà ti ọdún 2007 sọ pé ẹni tó bá ń fọ́n náírà ká tàbí tó ń jó lé e lórí níbi ayẹyẹ ti rúfin. Ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù 6 ni, tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní 50,000 náírà, tàbí méjèèjì pọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò ka òfin yìí sí, títí ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ l'Ékòó fi rán gbajúmọ̀ kan lọ sẹ́wọ̀n oṣù 6 ní oṣù kẹrin ọdún 2024. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, náírà bébà di àwátì káàkiri Nàìjíríà. Kí ni ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé owó níná máa kó lọ sílé lásìkò yẹn? Ẹni tó ti dúnàádúrà tẹ́lẹ̀ ṣì ní iye tó lè béèrè.

Àwọn àgbà olórin ayé àtijọ́ kò tiẹ̀ fi orin ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo. Akọ̀wé ni Túndé King, ọ̀kan lára àwọn tó dá jùjú sílẹ̀ l'Ékòó. Iṣẹ́ ọ́fíìsì ló ń ṣe lọ́sàn-án, bí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀ ló ń lọ kọrin nínú pálọ̀ àwọn ọlọ́lá. I.K. Dairo, olórin jùjú ti Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, ṣe iṣẹ́ onígbàjámọ̀, ó ta aṣọ, ó sì ṣe lébìrà lójúmọmọ kó tó lọ bá àwọn àgbà olórin ṣeré lálẹ́. Ọdún 1957 ló dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, nígbà tó sì di 1963, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá a lọ́lá. Fẹlá Ṣówándé, ní tirẹ̀, ń ran atẹdùùrù àgbà lọ́wọ́ ní Kàtídírà Áńgílíkà l'Ékòó, ó sì ń darí ẹgbẹ́ olórin ijó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tó dé Lọ́ńdọ̀nù, ó ta jáàsì nílé ìgbafẹ́ alẹ́, ó tún wá di atẹdùùrù ní Kingsway Hall, ilé ìjọsìn àwọn Mẹ́tọ́díìsì, láti 1945 dé 1952. Kò sẹ́ni tó lè pe ọ̀kankan nínú wọn ní alágbe.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, àmọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ni mo fẹ́ kí ẹ wò dáadáa, torí pé ibẹ̀ ni owó tó dúró sójú kan wà, ibẹ̀ náà sì ni àwọn èèyàn kì í kà sí ibi iṣẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ ìjọ Áńgílíkà àti Mẹ́tọ́díìsì, atẹdùùrù ń gba owó díẹ̀ lóṣooṣù. Owó náà kì í pọ̀, ṣùgbọ́n ó ń wọlé. Ti ìgbéyàwó àti ti ìsìnkú tún yàtọ̀, ìdílé tó ni ayẹyẹ ló sábà máa ń san án. Bó bá wá di àsìkò ìkórè, láti nǹkan bí oṣù kẹjọ títí dé ìparí ọdún, agbára káká ni Sọ́ńdè kan fi ń kọjá tí ìjọ kan ládùúgbò ò ní ṣe tirẹ̀. Kẹ́rúbù àti Séráfù ń wá onífèrè. Sẹ̀lẹ́ ń wá ẹni tó mọ kíbọ́ọ̀dù. Ìjọ kékeré tí kò ní ju gángan kan àti ìlù kan lọ fẹ́ kí ọjọ́ náà dùn, wọ́n á sì yá èèyàn láti ìjọ mìíràn.

Ojú máa ń ti ọ̀pọ̀ láti béèrè owó níbẹ̀, wọ́n á ní Ọlọ́run làwọn ń sìn. Mo bọ̀wọ̀ fún ìyẹn gidigidi. Ìjọ tí mo ti ń jọ́sìn, mi ò bá a dúnàádúrà. Ìjọ tó pè mí láti ìta, mo máa ń béèrè kí n tó gbé ohun èlò mi sínú ọkọ̀, torí pé olórí ìjọ tó fọ̀rọ̀ lọ̀ mí ti ní iye kan lọ́kàn, àìbéèrè ló ń fa ìjà lẹ́yìn ìsìn.

Fún ẹni tó ní iṣẹ́ oṣù lọ́wọ́, kíkọ́ni ló dára jù lójú tèmi. Kò sí ìrìn òru níbẹ̀, kò sí ẹrù gbígbé. Oṣooṣù ni wọ́n ń san án, tàbí lẹ́ẹ̀kan ní sáà ilé ìwé, ọmọ tó bá sì bẹ̀rẹ̀ lóṣù kìn-ín-ní ṣì lè wà níbẹ̀ nígbà ọdún Àjíǹde. Ohun tí òbí ń fẹ́ kò ju kí ọmọ lè ta orin ìyìn kan níwájú ìjọ, tàbí kó yege nínú ìdánwò. Ìdánwò ABRSM láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ ń ṣe, ó ní ìpele 1 dé 8, ọ̀pọ̀ ló sì ti ṣe é lọ́dọ̀ MUSON, ẹgbẹ́ tó ń gbé orin lárugẹ ní Oníkàn l'Ékòó, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1983. Ẹni tó bá ti yege dé ìpele 5 ti mọ ohun tó lè kọ́ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn òbí kì í wá ọ̀gá onídùùrù. Ẹni tó ń dé lásìkò, tí kì í jágbe mọ́ ọmọ, tó sì máa wà níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n ń wá. Àwọn tó ti fẹ̀yìn tì náà ń pọ̀ sí i, àwọn bàbá àti ìyá tí wọ́n ti ń fẹ́ tẹ dùùrù láti kékeré tí àyè ò yọ.

Àwọn kan máa ń sọ pé ẹni tí kì í bá ṣe ọmọ Àyàn kò lè fi ìlù jẹun. Ìdílé Àyàn ló ni àṣírí ìlù, wọ́n sì ju ẹni tó kọ́ ọ lágbà lọ, mi ò jiyàn ìyẹn. Àmọ́ ẹ wo àwọn tó ń lu gángan nínú ṣọ́ọ̀ṣì lónìí, Adéyẹmí àti Ògúnlẹ́yẹ pọ̀ nínú wọn. Oríkì gan-an ni àwọn oníbàárà ń sanwó fún. Ẹni tó lè fi ìlù ki Ìjẹ̀ṣà bí Ìjẹ̀ṣà, kó ki Ẹ̀gbá bí Ẹ̀gbá, tó ti bi àwọn àgbà ìdílé léèrè oríkì wọn kó tó dé òde, wọ́n á tún pè é. Ní Cuba, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú gbé bàtá dé, àwọn onílù tó ti búra fún Àyàn, òrìṣà ìlù tí wọ́n ń pè ní Añá lọ́hùn-ún, máa ń mọ iye tí wọ́n máa gbà kí wọ́n tó lùlù fún òrìṣà. Níbi tí ìlù ti jẹ́ ìjọsìn pátápátá pàápàá, owó rẹ̀ ní iye.

Ẹ ṣírò kí ẹ tó gbà, ẹ jọ̀ọ́. Ká ní wọ́n fẹ́ fún yín ní 30,000 náírà fún òde kan ní Ìkòròdú, ẹ̀yin sì ń gbé Ìyànà Ìpájà. Bí ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ bá gba 9,000, tí okùn gìtá tuntun gba 6,000, tí ẹ jáde nílé láago 12 ọ̀sán, tí ẹ sì wọlé láago 2 òru, 15,000 ló kù fún wákàtí 14. Òjò máa ń dẹ awọ gángan, ọyẹ́ sì máa ń fà á ya, ìyẹn náà lówó nínú. Ẹ gba ìdajì owó ṣáájú, kí ẹ sì kọ àdéhùn sórí WhatsApp kí ohùn má bàa yí padà.

Ti ilé ìgbohùnsílẹ̀ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n á pe onífèrè tàbí onígìtá, á ṣe iṣẹ́ wákàtí díẹ̀, wọ́n á san owó ẹ̀ẹ̀kan. Òfin Copyright ti ọdún 2022 ní Nàìjíríà fún ẹni tó ṣeré ní ẹ̀tọ́ lórí eré rẹ̀, nítorí náà ẹ ka ìwé tí wọ́n bá gbé síwájú yín kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Ẹni tó bá ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ PPL, ilé iṣẹ́ tó ń gba owó ẹ̀tọ́ orin, torí wọ́n ń sanwó fún àwọn tó lo ohun èlò nínú orin tí rédíò ń gbé sáfẹ́fẹ́, kì í ṣe akọrin nìkan.

Ó ku àwọn ọmọ wa tó wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Níbẹ̀, 1,000 pọ́n-ùn àkọ́kọ́ tí èèyàn bá pa nídìí òwò àdáni láàárín ọdún owó orí kan, wọn kì í gba owó orí lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà lórí físà akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ ṣe iṣẹ́ àdáni rárá, kò sì gbọdọ̀ ṣe iṣẹ́ ẹni tó ń dá àwọn èèyàn lára yá, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní entertainer. Wákàtí 20 lọ́sẹ̀ tí wọ́n gbà á láyè láti fi ṣiṣẹ́ kò kan ìyẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n bá pè wá lu gángan níbi ọjọ́ ìbí ní Peckham, tí wọ́n sì fẹ́ sanwó fún un, iṣẹ́ tó lè ba físà rẹ̀ jẹ́ ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́. Kó kọ́kọ́ fọ̀rọ̀ lọ ọ́fíìsì tó ń gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè nímọ̀ràn ní yunifásítì rẹ̀ kó tó dá wọn lóhùn.