Àyẹ̀wò àti àtúnṣe ẹ́ńjìnì Ìjàpá àlòkù kí a tó gbé e sínú mọ́tò

Ìjàpá ni orúkọ tí àwọn Yorùbá sọ Volkswagen Beetle, nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ tó ṣù roboto bí ìkarahun. Ilé iṣẹ́ Volkswagen of Nigeria bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò yìí pọ̀ lójú ọ̀nà Badagry ní Èkó ní oṣù kẹta ọdún 1975. Èyí tó kẹ́yìn lágbàáyé jáde ní Puebla, ní orílẹ̀-èdè Mẹ́síkò, ní ọjọ́ 30 oṣù keje ọdún 2003. Ẹni tó bá ṣì ń tọ́jú Ìjàpá ní Ìlọrin, Ọ̀ffà tàbí Omù-Àrán lónìí, àlòkù ló sábà máa ń wá kiri nígbà tí ẹ́ńjìnì tirẹ̀ bá kú. Òmíràn wà lára mọ́tò tí wọ́n tú palẹ̀ nítòsí, òmíràn sì ń ti ọjà ẹ̀yà mọ́tò ní Ládìpọ̀ ní Èkó tàbí Géètì ní Ìbàdàn bọ̀.

Ẹ́ńjìnì yìí kò ní rédíétọ̀. Afẹ́fẹ́ ni wọ́n fi ń tù ú. Sìlíńdà mẹ́rin rẹ̀ sùn sílẹ̀, méjì lápá ọ̀tún, méjì lápá òsì, ẹ̀yìn mọ́tò níbi tí mọ́tò mìíràn ti ní búùtù ló sì wà. Ibi mẹ́rin péré ni bólíìtì ti so ó mọ́ gíábọ́ọ̀sì, ìwọ̀n rẹ̀ kò sì ju nǹkan bíi kílò 110 lọ, tó fi jẹ́ pé ọ̀gá kan àti ọmọṣẹ́ rẹ̀ lè fi jáàkì sọ ọ́ kalẹ̀ kíá. Ìrọ̀rùn yìí máa ń tan ènìyàn jẹ. Wọ́n á ní kí àwọn kọ́kọ́ gbé e wọlé, kí àwọn wá gbọ́ bó ṣe máa dún. Ohun tó sì máa ń bà á jẹ́ kì í dún lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ìgbà tó bá ti gbóná dáadáa, tí ènìyàn ti sanwó, tí ó ti wà lójú ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́, ló máa ń fọhùn. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni ó yẹ kí wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò tán.

Nọ́ńbà ẹ́ńjìnì wà lára bọ́lọ́ọ̀kù, nísàlẹ̀ ibi tí dáínámò jókòó sí. Lẹ́tà tó ṣáájú rẹ̀ máa ń sọ irú tó jẹ́: D fún 1200, F fún 1300, H fún 1500, AD fún 1600 (títóbi ẹ́ńjìnì ní cc ni àwọn iye yìí). Bí wọ́n bá ti pààrọ̀ sìlíńdà rẹ̀ rí, lẹ́tà yìí kò ní sọ òótọ́ mọ́. Fífẹ̀ ihò sìlíńdà ló kù tí a lè gbára lé. Mìlímítà 77 ni ti 1200 àti 1300, 83 ni ti 1500, 85.5 ni ti 1600. Nọ́ńbà yìí wà nínú ìwé mọ́tò pẹ̀lú, nítorí náà kí olùrà gba rísíìtì tí nọ́ńbà náà wà lára rẹ̀. Èyí tí wọ́n bá ti ha nọ́ńbà ara rẹ̀ dànù, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rà á, bó ti wù kó pọ́ tó. Kí ọ̀dà fàdákà tuntun tí wọ́n fọ́n sí i lára má sì tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ọ̀dà lè bo ibi tí ọ́ìlì ti ń jò àti ibi tí irin ti sán.

Ọwọ́ ni irinṣẹ́ àkọ́kọ́. Ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò á fi sípánà 30 yí bólíìtì púlì ìsàlẹ̀ bí ọwọ́ aago ṣe ń yí. Bó bá yí i lẹ́ẹ̀mejì pé, ó yẹ kí ó pàdé ibi tó ti le nígbà mẹ́rin, sìlíńdà kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan. Ibi tó bá ti lọ fẹ́rẹ́, sìlíńdà yẹn ti ń jò. Lẹ́yìn náà, á fi ọwọ́ méjèèjì di púlì mú, á fà á sọ́dọ̀ ara rẹ̀, á sì tì í padà. Bí inú rẹ̀ bá ṣì le, ọwọ́ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní mọ̀ pé nǹkan kan yẹ̀. Bó bá ń dún kò, kò, bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn, kíránkì, ìyẹn ọ̀pá ńlá inú ẹ́ńjìnì tí písítìn ń yí, ti ń rìn síwá-sẹ́yìn. Mìlímítà 0.07 sí 0.13 ni ó yẹ kí ó máa rìn. Bó bá ti kọjá 0.15, àtúnṣe ti di dandan. Wáṣà tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta tó wà lẹ́yìn fúláíwíìlì, ìyẹn wíìlì irin wúwo tó wà ní ìhà gíábọ́ọ̀sì, ni wọ́n fi ń dín ìrìn yìí kù. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé ìjókòó bèárínì nínú bọ́lọ́ọ̀kù ló ti jẹ, wáṣà kàn máa bo àìsàn náà fún ìgbà díẹ̀ ni. Àfi kí wọ́n gbé bọ́lọ́ọ̀kù lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi máṣíìnì gbẹ́ irin, kí wọ́n gbẹ́ ihò rẹ̀, kí wọ́n sì fi bèárínì tó nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ sí i. Iṣẹ́ ńlá ni, ó sì sábà máa ń sàn kí ènìyàn wá ẹ́ńjìnì mìíràn.

Ọ́ìlì ló kàn. Ẹ́ńjìnì yìí kò ní fílítà onípépà. Asẹ́ wáyà kan ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, tí nọ́ọ̀tì kéékèèké mẹ́fà dè mọ́ ọn. Kí wọ́n da ọ́ìlì náà sínú abọ́ tó mọ́, kí wọ́n yọ asẹ́, kí wọ́n sì nu ohun tó wà lójú rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ nínú oòrùn. Èyí tó bá ń tàn bí fàdákà tí mágínẹ́ẹ̀tì kò gbé, ara bèárínì, písítìn tàbí bọ́lọ́ọ̀kù ló ti wá. Èyí tó pupa bíi bàbà túmọ̀ sí pé bèárínì ti jẹ dé ìdí. Bí ọ́ìlì bá funfun bíi wàrà, òjò ló wọ inú rẹ̀ níbi tí wọ́n gbé e jù sí, nítorí ẹ́ńjìnì yìí kò ní omi tirẹ̀. Kí wọ́n tú u wò fún ìpẹtà. Nígbà tí wọ́n bá ń dè é padà, kí wọ́n rọra: ọwọ́ líle máa ń fa ojú ìdè rẹ̀ já.

Sìlíńdà kẹta, èyí tó wà lápá òsì nítòsí gíábọ́ọ̀sì, ni ojú gbọ́dọ̀ tó jù. Lára ẹ́ńjìnì tó ṣáájú àwọn ti ọdún 1971, inú ilé fáànù gan-an ni kúlà ọ́ìlì, ohun tó ń tu ọ́ìlì, dúró sí, ó sì ń dí afẹ́fẹ́ tó yẹ kó dé sìlíńdà yìí. Nítorí náà ló ṣe ń gbóná ju àwọn yòókù lọ. Ooru yìí máa ń na fáàfù ẹ̀sọ́ọ̀sì rẹ̀ títí orí rẹ̀ á fi já sínú sìlíńdà, tí písítìn á sì fọ́. Bí àlàfo tápẹ́ẹ̀tì (àyè díẹ̀ tó wà láàárín fáàfù àti apá tó ń tẹ̀ ẹ́), tó yẹ kó jẹ́ mìlímítà 0.15 nígbà tí irin bá tutù, bá ń dín kù ṣáá níbẹ̀, fáàfù ti ń na nìyẹn. Ẹni tó bá ti tú orí ẹ́ńjìnì àlòkù kò gbọdọ̀ dá fáàfù ẹ̀sọ́ọ̀sì àtijọ́ padà sí i. Kí ó tún wo àárín ihò púlọ́ọ̀gì àti ìjókòó fáàfù. Ibẹ̀ ni orí ti máa ń sán.

Wíwọn ìfúnpá inú sìlíńdà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ìṣòro kan: ara gíábọ́ọ̀sì ni sítátà Ìjàpá wà, kì í ṣe ara ẹ́ńjìnì. Ẹni tó ní gíábọ́ọ̀sì kọ́ńdẹ́ǹ lè fi de ẹ́ńjìnì náà mọ́lẹ̀, kí ó sì fi sítátà yí i. Nǹkan bíi 100 sí 130 psi (òṣùwọ̀n ìfúnpá) dára, ṣùgbọ́n kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin súnmọ́ra ló ṣe pàtàkì jù. Èyí tó bá lọ sílẹ̀, kí wọ́n bu ṣíbí ọ́ìlì kan sí ihò púlọ́ọ̀gì rẹ̀. Bó bá gòkè, ríìngì ló jẹ. Bí kò bá gòkè, fáàfù ni.

Nínú àtúnṣe, síìlì ẹ̀yìn fúláíwíìlì ni kí wọ́n kọ́kọ́ pààrọ̀, bó tilẹ̀ dà bíi pé kò jò. Ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ tún bọ́ sílẹ̀ bó bá jò lẹ́yìn tí wọ́n ti gbé e wọlé, ọ́ìlì rẹ̀ á sì ba kílọ́ọ̀ṣì jẹ́. Nọ́ọ̀tì ńlá àárín fúláíwíìlì ń fẹ́ agbára 300 Nm (òṣùwọ̀n agbára tí a fi ń yí nọ́ọ̀tì), ìyẹn ni pé kí páìpù gígùn mítà kan wà lára sípánà, kí ohun tó tó kílò 30 sì tẹ̀ ẹ́ lórí. Nọ́ọ̀tì orí sìlíńdà yàtọ̀ pátápátá: 32 Nm ló tó fún ọ̀pá mìlímítà 10, 25 Nm fún mìlímítà 8. Ọwọ́ tó bá lé e jù bẹ́ẹ̀ lọ máa fa ọ̀pá jáde kúrò nínú bọ́lọ́ọ̀kù, nítorí magnesium tó rọ̀ ni wọ́n fi ṣe é.

Ní Ìlọrin, ibi tí oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn ti ń mú gan-an, páànù tó yí ẹ́ńjìnì ká ṣe pàtàkì ju bí àwọn ènìyàn ti rò lọ. Òun ló ń darí afẹ́fẹ́ sára sìlíńdà. Òun pẹ̀lú rọ́bà etí rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbígbóná ìsàlẹ̀ padà sókè. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì àlòkù ló ti pàdánù páànù yìí nítorí pé ó ń pẹ́ láti dè. Ẹni tó bá rà á láìsí páànù kò tíì ra ẹ́ńjìnì tán. Ọyẹ́ tún máa ń kó eruku wá, kí wọ́n fọ fílítà afẹ́fẹ́ onílọ́ìlì, kí wọ́n sì bu ọ́ìlì tuntun sí i.

Kí wọ́n pààrọ̀ gbogbo rọ́bà epo bẹntiróòlù kí ẹ́ńjìnì tó wọlé, kí wọ́n sì fa páìpù bàbà ẹnu kábúrẹ́tọ̀ wò bóyá ó ti ń mì. Bẹntiróòlù tó bá kán sórí ẹ̀sọ́ọ̀sì ló ti jó Ìjàpá púpọ̀. Lítà ọ́ìlì méjì ààbọ̀ ni wọ́n á bù sí i. Kí wọ́n yọ púlọ́ọ̀gì, kí wọ́n sì fi sítátà yí i títí iná ọ́ìlì á fi kú, kí wọ́n tó tàn án. Fáànù ìtutù àti dáínámò jọ ń lo fáńbẹ́ẹ̀tì kan náà ni, nítorí náà bí iná dáínámò bá tàn lójú ọ̀nà, kí awakọ̀ dúró lójú ẹsẹ̀, kí ó sì pa ẹ́ńjìnì. Lẹ́yìn kìlómítà 500 àkọ́kọ́, kí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì, kí wọ́n tún wo asẹ́, kí wọ́n sì wọn tápẹ́ẹ̀tì láàárọ̀ kùtù, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ mọ́tò.