“Á wọlé”: Ohun tí táyà ńlá ń ṣe fún mọ́tò kékeré

Ọ̀sẹ̀ kẹta tí mo pààrọ̀ ẹsẹ̀ Corolla mi ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Mo gbé èèyàn mẹ́ta sẹ́yìn, mo fẹ́ yí padà lẹ́nu géètì, mo yí sítíárìn dé ìdí, ni nǹkan bá ń ha lábẹ́ bí ìgbà tí wọ́n ń fi ṣíbí ha ìrẹsì tó jó mọ́ ìdí ìkòkò. Mo bọ́ sílẹ̀, mo ki ọwọ́ bọ abẹ́ fẹ́ńdà. Rọ́bà dúdú tí wọ́n fi bo inú rẹ̀ ti ń dán níbì kan, ó kù díẹ̀ kó lu, ẹ̀tù dúdú sì lẹ̀ mọ́ mi níka. Táyà ń jẹ mọ́tò, mọ́tò náà ń jẹ táyà.

Ọwọ́ ara mi ni mo fi fà á. Mọ́tò náà, ti ọdún 2006 ni, 195/65R15 ni wọ́n kọ sára bébà kékeré tó wà lára òpó ilẹ̀kùn dírẹ́bà. Mo wá rí ríìmù Toyota Matrix mẹ́rin tó mọ́ tónítóní, oní-16, ihò nọ́ọ̀tì wọn sì bá ti Corolla mu nítorí pé ìyá kan náà ló bí àwọn mọ́tò méjèèjì. 205/55R16 ni táyà tí Matrix yẹn fi ń rìn. Ẹni tó ń ta táyà tòkúnbọ̀ n’Ìbàdàn tí mo lọ bá kò ní in lọ́jọ́ náà. 215/60R16 ló ní nílẹ̀. Ó ní, “Ọ̀gá mi, táyà Camry nìyí. Ṣé Camry ò ju Corolla lọ ni? Àǹfààní tiyín ni. Á wọlé.” Ó sì wọlé lóòótọ́.

Òun nìkan kọ́ ló gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ dúró nídìí mẹkáníìkì èyíkéyìí, ẹ máa gbọ́ ọ: táyà ńlá ń di ilẹ̀ mú, ó ń jẹ́ kí mọ́tò tètè dúró, ó ń gbé e kúrò nínú kòtò, kì í sì í tètè bẹ́. Ohun tí ojú ń rí ló fa ìgbàgbọ́ yìí. A rí Hilux àti Land Cruiser tó ń la ẹrẹ̀ kọjá, a ní táyà ni. Táyà wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ẹ́ńjìnnì, gíà, bíréèkì, ṣọ́ọ̀kì, títí kan àyè tó wà lábẹ́ fẹ́ńdà, ìwọ̀n táyà yẹn ni wọ́n fi gé gbogbo wọn. Agbádá bàbá gba ọrùn ọmọ ọdún mẹ́wàá kọjá, kò sẹ́ni tó máa ní kò wọlé. Ẹ wá ní kí ọmọ náà sáré.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dojú rú ni pé ẹnu kan la fi ń pe “táyà ńlá”, nǹkan mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni. Táyà lè fẹ̀ jù, ó lè ga jù, ó sì lè jẹ́ ríìmù inú rẹ̀ ló tóbi. Ẹ wo 195/65R15 yẹn dáadáa. 195 ni fífẹ̀ táyà ní mìlímítà, láti ìhà kan sí ìhà kejì. 15 ni ríìmù, ínṣì ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. 65 ni a máa ń ṣì kà. Kì í ṣe mìlímítà rárá. Ohun tó ń sọ ni pé gíga ẹ̀gbẹ́ táyà jẹ́ ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ rẹ̀. Ìdá 65 nínú 195 jẹ́ nǹkan bíi 127. Ẹ ka ẹ̀gbẹ́ yẹn lẹ́ẹ̀mejì, lókè àti nísàlẹ̀, kẹ́ ẹ fi ríìmù kún un, táyà náà lápapọ̀ á ga tó mìlímítà 634 àtààbọ̀.

Ó yá, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún 215/60R16 tèmi. Mo rí 60, mo ní kò kúkú tó 65, táyà yìí á kúrú díẹ̀. Àṣìṣe gbáà! Ìdá 60 nínú 215 ni, ìyẹn 129, tó ti ju ti àkọ́kọ́ lọ kí ríìmù tó tún fi ínṣì kan kún un. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 664. Mìlímítà 30 ni mo fi ga ju ohun tí wọ́n kọ sára òpó ilẹ̀kùn lọ. Táyà Matrix tí mi ò rí rà ńkọ́? 632. Ríìmù rẹ̀ tóbi, ara rẹ̀ fẹ̀, síbẹ̀ táyà náà lápapọ̀ kò ga ju ti ilé iṣẹ́ lọ. Ìyẹn ni ohun tí ẹni tó ta táyà fún mi kò mọ̀, èmi náà kò sì bi í.

Kí ni mo wá rí gbà nínú mìlímítà 30 náà? Àárín ẹsẹ̀ ni ọ̀pá tó gbé mọ́tò ró wà, torí náà ìdajì péré ló lè gbé mọ́tò sókè: mìlímítà 15, kò tó ìbú àtàǹpàkò mi. Àwọn kòtò àdúgbò wa ò tiẹ̀ mọ̀ pé mo ti ga. Ìdajì kejì gba inú fẹ́ńdà lọ, ibẹ̀ ló ti ń ha.

Mítà eré náà bẹ̀rẹ̀ sí í parọ́. Mítà kì í wo ilẹ̀. Iye ìgbà tí ẹsẹ̀ yí ló ń kà, wọ́n sì ti sọ fún un láti ilé iṣẹ́ ibi tí ìyípo kan ń gbé mọ́tò dé. Ẹsẹ̀ tó ga ń lọ jìnnà sí i nínú ìyípo kan náà. Tèmi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ibi tí mítà bá ti fi 100 hàn tẹ́lẹ̀, bí mo bá tún dé 100 lójú mítà, mo ti fi nǹkan bíi kìlómítà 5 sáré ju ti àná lọ. 100 sì ni òpin eré tí FRSC fún mọ́tò àdáni lójú ọ̀nà márosẹ̀. Ohun tó kó mi yọ díẹ̀ ni pé mítà ilé iṣẹ́ sábà máa ń bù mọ́ eré gidi. Kìlómítà tí mọ́tò ti rìn náà ò pé mọ́: bó bá ka 10,000, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ rin 10,500, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sì ti pẹ́ ju bí mo ṣe rò lọ. Oṣù kan gbáko ni mo fi ń bá mẹkáníìkì mi jà pé mọ́tò ń mu epo jù. Ó ń mu ún díẹ̀ sí i lóòótọ́, torí táyà náà wúwo, àmọ́ apá kan ẹjọ́ yẹn, ìṣirò mítà ni.

Ẹ gbé e gun òkè Mápó pẹ̀lú ẹ̀rọ amúlétutù kẹ́ ẹ rí ìyókù. Ẹni tó bá ti gun kẹ̀kẹ́ ológíà rí mọ bó ṣe ń rí téèyàn bá fi gíà líle gun òkè: ẹsẹ̀ a máa tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú agbára, kẹ̀kẹ́ á máa fẹ́ dúró. Ohun tí táyà gíga ń ṣe fún gbogbo gíà mọ́tò nìyẹn. Bíréèkì ńkọ́? Díìsì kò tóbi sí i, páàdì kò yí padà, ẹsẹ̀ tí wọ́n ní kí wọ́n dá dúró ló ga tó sì wúwo. Ẹni tó ní táyà ńlá ń jẹ́ kí mọ́tò tètè dúró, mi ò mọ mọ́tò tó gùn rí.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ti fífẹ̀, torí ibẹ̀ ni ìgbàgbọ́ náà ti jinlẹ̀ jù. Ìrònú wa ni pé táyà tó fẹ̀ ń fi ara púpọ̀ kan ilẹ̀. Lójú ọ̀nà, ibi tí táyà mọ́tò kékeré kan ti fara kan ilẹ̀ kò ju bí àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà lọ. Ohun méjì ló ń pinnu bó ṣe tó: ẹrù tó wà lórí táyà náà àti afẹ́fẹ́ inú rẹ̀. Bí ẹrù ò bá yí padà, tí afẹ́fẹ́ ò yí padà, táyà fífẹ̀ àti táyà tẹ́ẹ́rẹ́ á fi nǹkan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba kan ilẹ̀. Ìrísí rẹ̀ ló ń yàtọ̀: ti táyà fífẹ̀ gbòòrò sí ẹ̀gbẹ́, ó sì kúrú láti iwájú dé ẹ̀yìn.

Bí ilẹ̀ bá gbẹ, tí ọ̀dà sì tẹ́jú, ìrísí gbígbòòrò yẹn wúlò. Mọ́tò á di kọ́nà mú dáadáa, mi ò jiyàn ìyẹn. Ẹ jẹ́ kójò wá rọ̀. Iwájú táyà ló gbọ́dọ̀ ti omi kúrò lọ́nà kí rọ́bà tó lè kan ọ̀dà. Bí iwájú náà bá ṣe fẹ̀ tó ni omi tó máa tì á ṣe máa pọ̀ tó, ìṣẹ́jú àáyá kan náà ló sì ní láti fi ṣe é. Bí eré bá pọ̀, omi á borí, á gbé táyà, sítíárìn á wá fúyẹ́ lọ́wọ́ yín bí ẹni pé ẹnì kan yọ ọ́ kúrò. Ẹni tó bá ti bá ara rẹ̀ lójú márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn lóṣù kẹfà, nínú àgbàrá tó dúró sí apá òsì ọ̀nà, mọ bí ó ṣe ń rí. Táyà fífẹ̀ tí ilà ojú rẹ̀ ti jẹ tán, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ tòkúnbọ̀ ṣe máa ń jẹ́, ló burú jù nínú omi.

Ti ríìmù ńlá, ojú ni wọ́n ń tà. Ó ń dán, ó ń fani mọ́ra, èmi náà ń wò ó. Ẹ fi 17 sábẹ́ Corolla yìí, kí gíga àpapọ̀ má baà yí padà púpọ̀, 215/45R17 ni wọ́n sábà máa ń fi sí i. Ẹ̀gbẹ́ táyà á ti bọ́ láti 127 sí 97. Rọ́bà àti afẹ́fẹ́ tó kù láàárín kòtò àti ríìmù nìyẹn. Ẹ̀gbẹ́ táyà ni tìmùtìmù àkọ́kọ́ tí mọ́tò ní, ṣọ́ọ̀kì ló tẹ̀ lé e. Bó bá tín-ín-rín, ríìmù ló ń gba kòtò náà: yóò tẹ̀ tàbí kó sán, táyà á yọ kókó lẹ́gbẹ̀ẹ́, búùṣì àti bẹ́ríǹgì á máa tètè lọ. Nọ́ńbà kékeré kan tún wà lẹ́yìn ìwọ̀n táyà tí a kì í kà. Wọ́n máa ń kọ 91 sára 195/65R15, ó túmọ̀ sí pé ẹsẹ̀ kan lè gbé kìlógíráàmù 615. 215/45R17 lásán, 87 ló sábà máa ń jẹ́: 545. Táyà tó dà bí alágbára lójú, ẹrù rẹ̀ ló kéré jù.

Bí ríìmù ńlá bá jẹ́ eré ni, mọ́tò Formula 1 ì bá ti mọ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ríìmù oní-13 sáré, títí di ìparí 2021. 2022 ni wọ́n tó bọ́ sí 18. Ọ̀kan lára àwọn mọ́tò eré ìje tó yára jù láyé, ríìmù rẹ̀ nígbà yẹn kéré sí ti Corolla mi! Táyà wọn fẹ̀ o, ó fẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n bí òjò bá rọ̀, wọ́n máa ń wọlé wá pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tí wọ́n la ojú rẹ̀ jinlẹ̀ kí omi lè rí ibi gbà. Àwa ò ní ẹni tó ń dúró dè wá pẹ̀lú jáàkì lẹ́nu ọ̀nà Ògèrè.

Èmi ò sọ pé kẹ́nikẹ́ni má pààrọ̀ táyà. Bí gíga àpapọ̀ ò bá fi ju ìdá 2 tàbí 3 nínú ọgọ́rùn-ún yàtọ̀ sí ti ilé iṣẹ́, tí ẹrù tó lè gbé kò dín, tí kò sì ha níbì kankan nígbà tí ẹ yí sítíárìn dé ìdí pẹ̀lú èèyàn lẹ́yìn, mi ò ní ẹjọ́ kankan. Ẹ fi sí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin; méjì ńlá lẹ́yìn, méjì kékeré níwájú ń da ABS, ẹ̀rọ bíréèkì tí kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ há, láàmú, bó bá sì jẹ́ mọ́tò tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ń wà pọ̀, ó lè ba gíà jẹ́. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn ohun tí wọ́n kọ tẹ̀ lé DOT lára táyà náà, ó ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe é: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Ọdún mẹ́rin ni SON, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìjójúlówó ọjà, fún táyà kí wọ́n tó pè é ní èyí tó ti kọjá àkókò rẹ̀. Lójú tèmi, táyà kékeré tó ṣì jẹ́ tuntun sàn ju táyà ńlá tó ti darúgbó lọ lọ́nà gbogbo.

Mo dá 215 náà padà. Mo fi owó lé e, mo gba 205/55R16 tó ti wá dé nígbà náà, fọkanáísà dè é, a fún un ní afẹ́fẹ́ 32, mo yí sítíárìn dé ìdí lọ́tùn-ún àti lósì níbẹ̀, kò ha. Ẹni tó ta táyà àkọ́kọ́ fún mi ti ẹsẹ̀ bàtà rẹ̀ mọ́ ọn, ó wo abẹ́ fẹ́ńdà níbi tó ti dán, ó mi orí.

“Ọ̀gá mi,” ó ní, “ẹ ò kúkú sọ fún mi pé ẹ máa ń gbé èèyàn sẹ́yìn.”