Títẹ àwòrán àti ọ̀rọ̀ sára aṣọ

Oríṣiríṣi ọ̀nà ni wọ́n ń gbà tẹ orúkọ, àmì ẹgbẹ́ tàbí fọ́tò sára pólò, fìlà àti aṣọ mìíràn. Ní Èkó, Ṣómólú gbajúmọ̀ fún iṣẹ́ ìtẹ̀wé, wọ́n sì máa ń tẹ pólò ìsìnkú, ti ìpolongo ìbò àti ti akẹ́kọ̀ọ́ tó ń jáde níbẹ̀. Irú òwú tí wọ́n fi hun aṣọ àti iye tí oníbàárà fẹ́ ló ń sọ ọ̀nà tó yẹ.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fi àwọ̀n tẹ̀ ẹ́ ló yẹ fún aṣọ púpọ̀. Samuel Simon ti Manchester, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí irú rẹ̀ kan ní 1907. Kò jìnnà sí àdìrẹ ẹlẹ́kọ onípáànù ti Abẹ́òkúta, níbi tí àwọn ọkùnrin ti ń gé ọnà sára páànù, tí wọ́n sì ń fa ẹ̀kọ láfún gba ojú ihò rẹ̀ sórí aṣọ. Àmọ́ aró ni ẹ̀kọ ń dínà fún. Ní ti àwọ̀n, íǹkì tó ń gba ojú rẹ̀ kọjá ni àwọ̀ fúnra rẹ̀.

Wọn á na àwọ̀n polyester (òwú oníke) sórí férémù kó le dáadáa. Àwọ̀n tó ní fọ́nrán 43 nínú sẹ̀ǹtímítà kan dára fún ọ̀rọ̀ gàdàgbà. Iṣẹ́ wẹ́wẹ́ ń fẹ́ 77. Wọn á fọ ọ̀rá kúrò lára rẹ̀, wọn á fi emulsion, ìyẹn kẹ́míkà olómi tí ìmọ́lẹ̀ ń mú le, pa á lójú méjèèjì, wọn á sì gbé e sínú òkùnkùn kó gbẹ. Lẹ́yìn náà, wọn á tẹ́ ike tó mọ́ gaara, tí àwòrán dúdú kirikiri wà lára rẹ̀, lé e lórí, wọn á fi gíláàsì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, wọn á sì gbé e sí iwájú gílóòbù tàbí oòrùn. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá kàn á le. Ibi tí dúdú bò á ṣàn lọ nígbà tí wọ́n bá bu omi sí i. Bí ìmọ́lẹ̀ kò bá tó, emulsion á máa yọ̀, á sì bó kúrò. Bó bá pọ̀ jù, á yọ́ wọ abẹ́ etí àwòrán, àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kò sì ní ṣí. Oòrùn kì í mú bákan náà lójoojúmọ́, nítorí náà ẹni tó ń lò ó ní láti kọ́kọ́ dán an wò lára àwọ̀n kékeré.

Àlàfo mìlímítà 2 tàbí 3 ló yẹ kó wà láàárín àwọ̀n àti aṣọ, kí àwọ̀n lè gbéra bí rọ́bà tí wọ́n fi ń fa íǹkì bá ti kọjá. Láìsí i, etí àwòrán á fẹ̀.

Plastisol, ìyẹn íǹkì oníke, kì í gbẹ nínú afẹ́fẹ́. Ooru ló ń mú un jinná, ó sì gbọ́dọ̀ gbóná tó nǹkan bí 160°C láti ojú dé ìdí. Ibí ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù: ojú á ti gbẹ, ìdí á ṣì tutù, àwòrán á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí lẹ́yìn ìfọ̀ díẹ̀. Kí wọ́n tó kó aṣọ fún oníbàárà, kí wọ́n fa ọ̀kan níbi tí wọ́n tẹ̀. Bí íǹkì bá sán, kò tíì jinná.

Lórí aṣọ dúdú, íǹkì funfun ló ń kọ́kọ́ wọlẹ̀. Wọn á yá a ní iná díẹ̀ títí tí kò fi ní lẹ̀ mọ́ ìka mọ́, kí àwọ̀ yòókù tó gorí rẹ̀. Lórí polyester pupa, aró aṣọ lè gòkè wọ inú funfun kó sì di pińǹkì, àfi kí wọ́n lo íǹkì tí ooru kékeré ń mú jinná. Íǹkì olómi máa ń rọ̀ lára aṣọ, ó sì tura fún ẹni tó wọ̀ ọ́ nínú oòrùn, ṣùgbọ́n kíá ló ń gbẹ dí ihò àwọ̀n. Ó yẹ kí wọ́n máa fín omi sí i.

Bí wọ́n bá ń fi àwọ̀n tẹ̀ ẹ́, àwọ̀ kan, férémù kan ni. Fún pólò méjì péré tó ní fọ́tò, DTF (direct-to-film) ló yá: ẹ̀rọ á tẹ àwọ̀ sórí ike, á fi funfun bò ó, wọn á wọ́n ìyẹ̀fun gọ́ọ̀mù sí i, wọn á yọ́ ọ, wọn á sì fi ẹ̀rọ gbígbóná tẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ. Sublimation, níbi tí ooru ti ń sọ íǹkì di èéfín tó ń wọ inú fọ́nrán aṣọ, ń fẹ́ polyester aláwọ̀ fífúyẹ́, ní nǹkan bí 200°C fún ìṣẹ́jú àáyá 45 sí 60. Lórí òwú gidi, ìfọ̀ á gbé e lọ.

Mónógíráàmù, ìyẹn fífi òwú àti ẹ̀rọ rán àmì sára aṣọ, ló ń pẹ́ jù lára fìlà àti yunifọ́ọ̀mù. Gọ́ọ̀mù-sítéè, ìyẹn aṣọ tó ń mú kí aṣọ dúró dáadáa, gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ aṣọ, kí férémù sì dì í mú láìfà á jù, torí pólò tó bá nà nínú férémù á súnkì yí àmì náà ká bí wọ́n bá ti tú u.